Ta Ní Í Sọ Pé Ọkọ̀ Kan Ti Kú?

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹni tó bá gba oríta Dassa kọjá kò ní rí ọkọ̀ kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ooru ń rú jáde láti inú rẹ̀. Ní oríta yìí ni ọ̀nà tó ti Cotonou bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ní oṣù kẹjọ ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà bá ń wọ́ bọ̀ wá sí ihò àpáta Arigbo, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a tún máa pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn ènìyàn a pé lé e lórí, kì í sì í pẹ́ tí ìdájọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan a ní ọkọ̀ náà ti kú. Ẹlòmíràn a ní kò tíì kú, omi ló ń béèrè. Ẹnì kẹta, tí kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, a ní kí ẹni tó ni ín tètè tà á kí ó tó di ẹrù lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ owó lásán ni èyí jọ, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Nígbà wo ni ó tọ́ kí a tún ohun tó ti gbó ṣe, nígbà wo ni ó sì tọ́ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀? Ọwọ́ ta ni ìdájọ́ yìí wà, kí sì ni onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó dá a? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní terminale máa ń rò pé inú ìwé àwọn ará Gíríìsì nìkan ni philosophie ń gbé. Ọ̀sán kan péré ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, lábẹ́ igi máńgòrò, ìbá yí èrò wọn padà.

Èrò tiwa ni pé ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni «Ṣé ó yẹ kí a tún un ṣe?», kò ní ìdáhùn kankan títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an. Ẹni tó dájọ́ kí ó tó wádìí kò tíì dájọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó sọ, tàbí ìfẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ èyí. Ẹnikẹ́ni kì í rúbọ kí ó tó dá Ifá: odù ni í sọ ẹbọ, ẹbọ kì í sọ odù.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń gbóná jù. Ó lè jẹ́ pé róbà tí omi ń gbà kọjá ló là. Ó lè jẹ́ pé erùpẹ̀ pupa ti dí ojú radiateur, tàbí pé fáànù kò yí mọ́, tàbí pé ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri ti jẹ. Ó lè jẹ́ thermostat, ẹnu-ọ̀nà kékeré tó yẹ kí ó ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tó wá kọ̀ tí kò ṣí. Ó sì lè jẹ́ joint de culasse, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni ó jó. Àmì kan náà ni gbogbo wọn ń fi hàn: ọwọ́ ìwọ̀n ooru gòkè wọ pupa. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nínú wọn kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ méjì lọ, èyí ìkẹyìn sì lè gbé owó oṣù olùkọ́ kan lọ pátápátá. Ẹni tó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí róbà tó là kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbẹ́ sàréè fún ọmọ tí ibà ń ṣe.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kì í purọ́ fún ẹni tó mọ bí a ti í bi í léèrè. Èéfín rẹ̀ nìkan tó ọ̀rọ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń wí pé ọ́ìlì ń bá epo jó, bóyá nítorí pé àwọn òrùka tó wà lára piston ti jẹ. Èéfín dúdú ń wí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà mìíràn kò ju pé eruku ọ̀nà oko ti dí asẹ́ afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín funfun tó nípọn, tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ń wí pé omi ti ráyè wọ ibi tí iná ń gbé jó. Ṣùgbọ́n èéfín funfun fẹ́lẹ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kò wí nǹkan kan, ìkùukùu lásán ni. Ẹni tó bá ṣí ìdérí ọ́ìlì, tó bá ohun funfun tó ki bí ẹ̀kọ níbẹ̀, yóò fura pé omi àti ọ́ìlì ti pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé.

Ìdánwò tó wù wá jù lọ ni èyí tí wọ́n ń fi compressiomètre ṣe, láti mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀ tó nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì a yọ bougie kan, a fi irinṣẹ́ náà sí ojú ihò rẹ̀, a ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, a sì ka iye tó bá gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe iye kọ̀ọ̀kan ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe bí ọ̀kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí joint ti jó láàárín wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá rẹlẹ̀, yóò da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì tún un wọ̀n: bí iye náà bá gòkè, òrùka piston ló jẹ, bí kò bá yí padà, kí a gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ soupape tàbí joint. Ó wù wá nítorí pé ìbéèrè ni, ó sì lè já ẹni tó bi í ní irọ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ irin kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń wí pé «ẹ jẹ́ ká yí èyí wò», kò bi ọkọ̀ ní nǹkan kan. Àpò ẹni tó ni ọkọ̀ ni ó ń bi.

Kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Àwọn oníbàárà ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Oníbàárà gbà láti san owó irin tuntun nítorí pé ó fojú rí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kan bá lo odindi òwúrọ̀ láti wádìí, tó sì wá sọ pé róbà kan ni ó là, wọn a bi í pé kí ló ṣe tó fi ń gbowó. Ìlú wa kò tíì kọ́ bí a ti ń sanwó fún ìmọ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó jẹ́ iyì oníṣẹ́, «mi ò tíì mọ̀», ṣe di ohun ìtìjú lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀ràn thermostat yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa a máa yọ ọ́ sọnù, wọn a ní nǹkan àwọn ará ilẹ̀ òtútù ni. Òtítọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì nílò ooru tirẹ̀, nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó tó lè jó epo dáadáa; láìsí thermostat, ó ń pẹ́ kí ó tó gbóná, ó ń mu epo, ó sì ń tètè jẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé a fi èyí fi àwọn mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Thermostat tó há ní títì lè pa ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sán kan. Àìsí rẹ̀ ń pa á díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí kò lówó, tó sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó, kò ya wèrè bí ó bá yan ikú tó lọ́ra. Ohun tó burú ni kí mẹkáníìkì yàn án fún un, kí ó má sì sọ fún un.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan, olùkọ́ ìṣirò, jogún Peugeot 504 familiale lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó fi gbé èrò láti Dassa lọ sí Bohicon àti Cotonou fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà mọ ìran ọkọ̀ yìí: ọdún 1968 ni ó jáde, wọ́n fi oyè ọkọ̀ ọdún ti Yúróòpù dá a lọ́lá ní 1969, láti 1975 sì ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà. Àlòkù ni bàbá náà ra tirẹ̀, kí oṣù kìíní ọdún 1994 tó dé, nígbà tí wọ́n dín iye owó CFA kù. Títí di ìgbà náà, 50 franc CFA ni a fi ń gba franc Faransé kan. Lójú kan náà ó di 100. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbé owó lé orí, irin ọkọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà yẹn ni títún nǹkan ṣe ti di ìwà ní ilé púpọ̀ nínú wa, tó kọjá ọgbọ́n owó nìkan. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ̀ òun ti gbó, títí tó fi lọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, ó ní kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Cotonou. Èkejì ní radiateur ni, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ń gbóná lọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ àgbàlagbà tó ti bá bàbá ṣiṣẹ́ rí. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó jókòó.

«Ọmọ mi, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?»

«Bàbá, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.»

«Ṣé bó bá dúró lójú kan ni, àbí bó bá ń gun òkè?»

«Bó bá ń gun òkè ni, pàápàá bí èrò bá kún inú rẹ̀.»

«Omi tí o bá bù sí i lálẹ́, ṣé ó máa ń pé láàárọ̀?»

«Kì í pé mọ́, Bàbá. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbẹ.»

Ìdáhùn ìkẹyìn yìí ni ó tọ́ka sí ọ̀nà. Omi tó ń dín kù tí kò kán sílẹ̀ ní ibi kan tó ń lọ. Ní ọjọ́ kejì, ìwọ̀n fi hàn pé ihò kejì àti ìkẹta jọ rẹlẹ̀: joint de culasse ti jó láàárín wọn, orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ aluminium sì ti tẹ̀ díẹ̀ nítorí ooru. Wọ́n lè bá a fá a kí ó tún tẹ́jú. Àròpọ̀ gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ bí owó oṣù kan àbọ̀.

Ìgbà yìí gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, bíi mẹ́fà nínú wa ni ó dá sí i. Ẹnì kan ní níwọ̀n ìgbà tó ti náwó púpọ̀ lórí gíà ní ọdún tó kọjá, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó náà ṣòfò. Ibi gbogbo ni a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tọ̀nà. Omi tó ti dànù kò ṣeé kó. Owó àná kò lẹ́nu nínú ìdájọ́ òní. Ohun tó lẹ́nu ni gíà tuntun náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó rọrùn láti sọ èyí fún olùkọ́ ìṣirò. Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ ó ń dùn ún.

Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní títún ṣe rárá, pé ní ilẹ̀ Faransé wọn ìbá ti gbé e lọ fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn ń sọ fún wa? Ní ilẹ̀ Faransé, wákàtí iṣẹ́ mẹkáníìkì wọ́n. Ọkọ̀ tí àìsàn rẹ̀ ń fẹ́ wákàtí púpọ̀ ti kú níbẹ̀. Níhìn-ín, irin ló wọ́n, ọwọ́ ènìyàn kò wọ́n. Ọkọ̀ kan náà ṣì wà láàyè. A jẹ́ pé ikú ọkọ̀ kò sí nínú ọkọ̀ nìkan; ó wà nínú iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi lé wákàtí ènìyàn. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni òwò àlòkù tó kún èbúté Cotonou dúró. UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, kọ ọ́ ní ọdún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, àlòkù ọkọ̀ kéékèèké mílíọ̀nù 14 ni ó kúrò ní ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn ní àgbáyé, Áfíríkà sì gba nǹkan bí 40 nínú 100 wọn. Àwọn tó kó wọn ránṣẹ́ ti dá ìdájọ́ tiwọn, owó ni wọ́n fi dá a. Ìdájọ́ tó kù, èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀mí, àwa ni wọ́n fi sílẹ̀ fún.

Olùkọ́ philosophie wa, tí kò lè ṣe kí ó má mú Gíríìsì wọ̀ ọ́, rán wa létí ọkọ̀ ojú omi Theseus tí Plutarque kọ nípa rẹ̀. Àwọn ará Áténì ń pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà, títí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni síbẹ̀. Ní ọdún 1655, Hobbes fi kún un: bí ẹnì kan bá ń kó àwọn pákó àtijọ́ pa mọ́, tó sì tún wọn tò, èwo nínú méjèèjì ni ti Theseus? Ìjọba wa ní ìdáhùn tirẹ̀: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, tó bá ti carte grise mu. A rò pé àwọn baba wa ní ìdáhùn tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀kú egúngún ilé a máa gba aṣọ tuntun lé aṣọ àtijọ́. Èyí tó bá gbó jù a jábọ́. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ó lè má ku fọ́nrán òwú kan nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán. Kò sí ọmọ ilé kan tí í béèrè bóyá egúngún kan náà ni. Ohun tó mú un jẹ́ ọ̀kan náà ni pé àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró. (Ìlú wa pàápàá rí bẹ́ẹ̀: Igbó Ìdáàṣà di Dassa-Zoumè, zoumè ní èdè Fọ̀n sì ni inú igbó. Gbogbo ọ̀rọ̀ yí padà, igbó wà níbẹ̀, àti òkè mọ́kànlélógójì náà.) Nítorí náà, bí ẹlẹgbẹ́ wa bá ní ọkọ̀ bàbá òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíà, radiateur àti ìlẹ̀kùn méjì ti yí padà, a kò ní bá a jiyàn.

Ó pinnu láti tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè ni àgbàlagbà náà fi irin ṣóńṣó gún longeron, irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó gba ẹrù iwájú rẹ̀ rù. Irin ṣóńṣó náà wọlé. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú. Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ longeron rí nínú gbogbo àríyànjiyàn wa, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń pariwo, longeron kì í pariwo.

Wọ́n pe jórinjórin. Ó wò ó, ó ní òun yóò lẹ àwo irin tuntun mọ́ ọn.

«Ṣé yóò gbà á?» ni ẹlẹgbẹ́ wa bi í.

«Yóò gbà á, Tíṣà.»

«Títí di ìgbà wo?»

«Ẹ ò lè bi mí ní ìyẹn.»

Ẹ̀kú egúngún kì í gbé ènìyàn mẹ́sàn-án lọ sí Bohicon. Ibí yìí ni a rò pé ìyàtọ̀ tó ga jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Àìsàn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àpò ẹni tó ni ín ni ó ń jẹ: ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì, gíà tó ń le. Ẹni tó bá fẹ́ fara dà á, kí ó fara dà á. Ìfẹ́ tàbí àìlówó rẹ̀ tó ìdí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́: bíréèkì tí kò mú, táyà tó ti dán, longeron tó jẹrà. Obìnrin tó dúró ní oríta pẹ̀lú agbọ̀n iṣu rẹ̀, iye owó ọkọ̀ ni ó béèrè. Kò bojú wo abẹ́ ọkọ̀, kò sì yẹ kí a retí pé kí ó wò ó. Ó ti fi ìwádìí náà lé awakọ̀ lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. (Èéfín wà láàárín méjèèjì: ẹni tó ń wa zémidjan lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tú èéfín búlúù ní ohun kan láti sọ nípa ìfẹ́ tí a ní sí ohun ìjogún.) Wole Soyinka, nínú eré rẹ̀ The Road ti ọdún 1965, fi awakọ̀ kan hàn wá tó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, tó wá ń tọ́jú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irin tí wọ́n yọ lára àwọn ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá. Ẹni tó bá ti rí eré náà kì í fojú kékeré wo irin àlòkù mọ́.

Ẹlẹgbẹ́ wa kò gbà fún jórinjórin. Ó kù kí ó tà á, títà náà sì ní ìdánwò tirẹ̀. Ará Glazoué kan fẹ́ ra ọkọ̀ náà lódindi, kí ó tún un ṣe fún èrò gbígbé. Ọ̀dà dúdú díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ojú kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé bí àwọn bá ti ta ọkọ̀, àìsàn rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn àwọn. Lójú tiwa, ẹni tó mọ̀ tí kò sọ ni ó ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Kì í ṣe lásán ni àwọn ọmọ Ògún fi ń fi irin búra. Olùkọ́ ìṣirò mú oníbàárà náà lọ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi ibi tí irin ṣóńṣó wọ̀ hàn án. Onítọ̀hún dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n tú u palẹ̀. Ẹni kan tó ṣì ń wa 504 ra gíà àti ara ẹ́ńjìnnì; orí ẹ́ńjìnnì tó tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ aluminium fi ṣe ìkòkò. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ọ̀gá mẹkáníìkì, orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń jókòó dúró. Méjì nínú àwa olùkọ́ ṣì ń wí pé ó yẹ kí ó jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí ó má gbé èrò mọ́, kí òun nìkan máa fi lọ sí oko. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà oko òun ni àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà wá sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Jórinjórin ní tirẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ padà: yóò gbà á, ni ó ń wí títí di òní.